RV láti Maryland dé Los Angeles ní ìparí oṣù kẹta: ọ̀nà wo ni ká gbà?

Ọmọ Ìkòyí-Ilé
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. A fẹ́ wa RV (ọkọ̀ ńlá tí a lè gbé inú rẹ̀ bí ilé) láti White Marsh, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Baltimore, lọ sí Los Angeles. Class C ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 31 ni, férémù Ford E-450 ni wọ́n kọ́ ọ lé, a ò fa ọkọ̀ kankan tẹ̀lé e. Àgbà méjì, ọmọ méjì, pẹ̀lú ìyá àgbà kan. Àwọn kan ní ká gba I-70 tààrà, àwọn kan ní I-80, àwọn mìíràn ní I-40. Ibo ló léwu níbẹ̀? Ibo la ti lè sùn?

Ojú Ọ̀nà
Ẹ yọ I-80 kúrò. Láàárín Laramie àti Rawlins ní Wyoming, atẹ́gùn ẹ̀bá Elk Mountain máa ń dojú tírélà bolẹ̀, yìnyín sì ṣì ń mú kí wọ́n ti ọ̀nà náà pa lásìkò yẹn. I-70 náà kò yẹ yín. Eisenhower Tunnel ní Colorado ga tó 11,158 ẹsẹ̀ bàtà, ẹ ó gùn ún tán, ẹ ó tún sọ̀ ọ́. Tẹ́ ẹ bá dé Utah, láti Green River sí Salina, ó lé ní 100 máìlì tí ẹ ò ní rí ilé epo kankan.

Èyí tí mo fọwọ́ sí nìyí: I-695 gba apá Towson, I-70 dé Hagerstown, I-81 la Virginia já dé Tennessee, kí ẹ já sí I-40 nítòsí Dandridge, kí ẹ máa bá a lọ títí dé Barstow. I-15 ló máa gbé yín sọ̀ kalẹ̀ sí agbègbè Los Angeles. Ó tó nǹkan bíi 2,700 máìlì, kò sì sí owó ibodè níbẹ̀ bí ẹ ò bá ti wọ lénì oníowó. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú I-81 ni pé kò ní mú yín gba inú àfonífojì Pigeon River tó wà lórí I-40. Ibẹ̀ ni ìjì Helene ti gbá ọ̀nà lọ ní oṣù kẹsàn-án 2024, iṣẹ́ àtúnṣe rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ìyá Ìbejì
Ẹ má jẹ́ kí GPS mú yín gba I-95 wọ àárín Baltimore o. Fort McHenry Tunnel àti Harbor Tunnel kì í gba sìlíńdà gáàsì tó bá ju pọ́ùn 10 lọ, ti RV sì ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Kódà tí ẹ bá ti ẹnu rẹ̀ pa, òfin ò yí padà. Afárá Key tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń gbà tẹ́lẹ̀ ti wó ní 26 oṣù kẹta 2024. I-695 apá Towson tí wọ́n wí yẹn náà ni.

Baba Oní-táyà
Ọ̀rọ̀ ọ̀nà dára, ṣùgbọ́n ẹ wo táyà kẹ́ ẹ tó wo máàpù. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú àmì DOT tó wà lára táyà ni kí ẹ kà: 2319 ni ọ̀sẹ̀ 23, ọdún 2019. Tó bá ti lé ní ọdún mẹ́fà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, bí eyín rẹ̀ tilẹ̀ pé. Oòrùn àti ìdúró sójú kan ló ń pa táyà RV. Ní ẹ̀yìn, táyà méjì méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan; nọ́ńbà ti inú lè kọjú sábẹ́ ọkọ̀, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì wọ abẹ́ lọ kà á.

Lẹ́yìn náà, ẹ kún epo, ẹ kó ẹrù, kí gbogbo yín jókòó, kí ẹ wá gun CAT Scale, ìwọ̀n ńlá tí wọ́n fi ń wọn ọkọ̀, ní ibùdó tírélà. Wọ́n á wọn iwájú lọ́tọ̀, ẹ̀yìn lọ́tọ̀. Ọkọ̀ yín ò gbọdọ̀ ju pọ́ùn 14,500 lọ lápapọ̀. Ti iwájú àti ti ẹ̀yìn wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀. Omi ló sábà máa ń ba ìṣirò jẹ́. Gálọ̀nù kan tó pọ́ùn 8.3, gálọ̀nù 40 ti lé ní 330 nìyẹn. Ẹ gbé 10 rìn, kí ẹ pọn ìyókù níbi tí ẹ bá máa sùn.

Àárọ̀, kí táyà tó gbóná, ni kí ẹ fi gééjì wọ̀n ọ́n. Bí táyà inú bá ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, tí kò sì sí ìṣó níbẹ̀, ẹ yẹ ọ̀pá tí wọ́n fi gùn ẹnu fáàfù rẹ̀ wò; ibẹ̀ ló sábà máa ń jò.

Ará Àríwá Texas
Mo fara mọ́ I-40, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀ atẹ́gùn ibí. Láti ìwọ̀ oòrùn Oklahoma City dé Albuquerque, oṣù kẹta àti kẹrin ni atẹ́gùn máa ń le jù, ọ̀sán ló sì ń le sí i. Ẹ gbéra ní ìdájí, kí ẹ dúró ní aago kan ọ̀sán. Tí iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ bá ti kéde "High Wind Warning", ẹ má gbéra rárá: ẹ yí imú ọkọ̀ sí ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, kẹ́ ẹ jókòó. Aṣọ ìbòòji tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ẹ ti kọ́kọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ tún fi okùn dè é. Bí atẹ́gùn bá tú u lójú ọ̀nà, apá irin rẹ̀ á fa ògiri ọkọ̀ ya.

Adé Phoenix
Èmi ò bá ní I-10 tó gba ìsàlẹ̀. Flagstaff ní Arizona, lórí I-40, súnmọ́ 7,000 ẹsẹ̀ bàtà, yìnyín ṣì ń já níbẹ̀ ní ìparí oṣù kẹta.

Ojú Ọ̀nà
I-10 láti ìbẹ̀rẹ̀ á mú wọn rìn jìnnà ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí òkè Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń bọ̀. Albuquerque ni kí wọ́n ti pinnu. Kí wọ́n wo Flagstaff lórí az511, ìkànnì ìròyìn ojú ọ̀nà Arizona. Tí yìnyín bá wà, kí wọ́n gba I-25 lọ sí Hatch ní New Mexico, kí wọ́n gba NM-26 já sí Deming lórí I-10. Ìyẹn ò béèrè pé kí wọ́n padà sẹ́yìn.

Adé Phoenix
Ìyẹn mọ́gbọ́n wá. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gba ibẹ̀, kí wọ́n ṣọ́ eruku ní Lordsburg. Tí eruku bá bo ojú ọ̀nà, ẹ bọ́ kúrò lórí títì pátápátá, ẹ pa gbogbo iná, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Ẹni tó wà lẹ́yìn máa ń tẹ̀ lé iná pupa ẹ̀yìn yín, á rò pé ẹ ṣì ń rìn, á wá gbá yín.

Baba Oní-táyà
Ti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ńkọ́? Láàárín Williams àti Ash Fork ní Arizona, àti ní Cajon Pass lórí I-15 tó jẹ́ 6%, ẹ tẹ bọ́tìnnì tow/haul tó wà lórí ọ̀pá jíà (òun ló ń jẹ́ kí jíà di ọkọ̀ mú) *kí ẹ tó* bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì láìgbé e kúrò, yóò gbóná, yóò sì di aláìṣiṣẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa kí ìwọ̀n ìrìn fi máìlì 10 ní wákàtí dín kù, ẹ tú u sílẹ̀, kí jíà di ọkọ̀ mú.

Ìyá Ìbejì
Ní ti oorun, nítorí ìyá àgbà, ẹ má ju 300 máìlì lọ lóòjọ́. Bí ọjọ́ mẹ́sàn-án nìyẹn. Ibi ìsinmi ojú títì ní Virginia kì í gbà kí èèyàn sùn mọ́jú. Ti Texas gba wákàtí 24. Walmart, ẹ kọ́kọ́ bi máníjà. Epo: gálọ̀nù kan á gbé yín bíi máìlì 8, ẹ ṣírò 340 gálọ̀nù sílẹ̀. Ẹ kún un ní Kingman, epo California wọ́n ju ti Arizona lọ.

Ọmọ Ìkòyí-Ilé
Ẹ ṣeun púpọ̀, a ti yan I-81 àti I-40. Ìyá fẹ́ gbé oúnjẹ dání. Ṣé wọn ò ní gbà á?

Adé Phoenix
Ní Needles, tí ẹ bá ti wọ California, wọ́n máa dá yín dúró láti yẹ èso àti ewé wò. Òròm̀bó, ata tútù, ewúro tútù: ẹ jẹ ẹ́ tán kí ẹ tó kúrò ní Kingman. Gàrí àti èlùbọ́ ò kàn wọ́n.