Ọkọ̀ agbélé, ọkọ̀ akólé, ọkọ̀ arulé: kí ni ká pe RV?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò o. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ láìdá sí i, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa ti Houston mú wá lánàá kò jẹ́ kí n lè pa ẹnu mọ́. Fún ẹni tí kò bá rí i: ẹ̀gbọ́n ń túmọ̀ ìwé pélébé kan fún àwọn àgbàlagbà ẹgbẹ́ wọn tó fẹ́ gbé RV (ọkọ̀ tí bẹ́ẹ̀dì, ibi ìdáná àti ilé ìwẹ̀ wà nínú rẹ̀) lọ sùn ní state park (ọgbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń tọ́jú) nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n pe RV ní "ọkọ̀ agbélé", wọ́n pe state park ní "páàkì ìpínlẹ̀", wọ́n sì fi "káǹpù" sílẹ̀ bó ṣe wà. Bàbá wa ti Ìbàdàn ní ká kúkú sọ ọkọ̀ náà ní "ọkọ̀ ìgbín". Èmi náà ní tèmi í sọ, nítorí mo ti wa ọkọ̀ yìí rí, mo sì ti fi ọwọ́ ara mi da ìgbẹ́ inú rẹ̀ nù.

Ẹ̀gbọ́n mi, "agbélé" dùn létí níbẹ̀rẹ̀. A-gbé-ilé, èyí tó gbé ilé dání. Àmọ́ etí Yorùbá kò ní gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbélé ni ẹni tí kò jáde. Ọdún 2020 kò tíì jìnnà, gbogbo wa la gbọ́ kónílé-ó-gbélé títí ó fi sú wa. Ẹ pè é ní ọkọ̀ agbélé fún màmá mi, ọkọ̀ tó ti kú sí ẹ̀yìnkùlé tí ewéko ń hù lábẹ́ rẹ̀ ni wọn yóò rò. Ẹnìkan tún dá "akólé" lábàá láàárọ̀ yìí, pé ṣebí a máa ń kó ilé. Háà! Kólékólé ńkọ́? Ọkọ̀ akólé ni èyí tí àwọn olè gbé wá lóru.

Ti ìgbín yẹn ní ọgbọ́n nínú. Bàbá fi òwe gbè é lẹ́sẹ̀: bí ìgbín bá ń fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Ó sì bá a mu, torí ara kan náà ni ilé àti ọkọ̀ nínú RV. Ṣùgbọ́n ìnagijẹ nìyẹn, kì í ṣe orúkọ. Ẹ wo bí àwọn tó ṣáájú wa ṣe ń sọ ọkọ̀ lórúkọ: iṣẹ́ tó ń ṣe tàbí bó ṣe ń rìn ni wọ́n ń wò. Ayọ́kẹ́lẹ́, akérò, akẹ́rù, akóyọyọ. Bọ̀lẹ̀kájà pàápàá, ìwà àwọn tó wọ̀ ọ́ ló bí i. Ọ̀rọ̀-ìṣe ló yẹ ká wá, èyí tí mo sì rí ni "rù". Ẹni tó ru ẹrù, ìrìn ló ń rìn. Kò sí ẹni tí í ru ẹrù jókòó. Ọkọ̀ arulé, èyí ni mo fara mọ́.

Bàbá tún sọ pé ilé kì í rìn, pé tó bá ti ń rìn kì í ṣe ilé mọ́, ká máa pè é ní yàrá. Mo ní èsì fún yín, bàbá, pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀. Lọ́dún tó kọjá a háyà RV ní Atlanta, ó di Hunting Island, ọgbà ìpínlẹ̀ South Carolina tó wà létí òkun. (Agbègbè Beaufort kan náà ni Ọ̀yọ́túnjí wà, abúlé tí Ọba Adéfúnmi Kìíní dá sílẹ̀ ní 1970. Orúkọ àfọwọ́dá nìyẹn náà, ó sì ti lé ní àádọ́ta ọdún tó ti ń jẹ́.) Ilé gogoro kan wà ní Hunting Island tí wọ́n máa ń fi tan iná fún àwọn ọkọ̀ ojú omi nígbà kan rí. Nígbà tí wọ́n tún un kọ́ ní 1875, awẹ́ irin ni wọ́n tò pọ̀, kó lè ṣeé tú bí òkun bá ń jẹ ilẹ̀ bọ̀. Òkun sì jẹ ẹ́ bọ̀ lóòótọ́. Ní 1889 wọ́n tú u, wọ́n gbé e wọ inú ilẹ̀ ju máìlì kan lọ, wọ́n tún un tò. Ṣé a ó wá sọ pé kì í ṣe ilé mọ́ nítorí ó ti ṣípò?

Èyí tí wọ́n ń fi ọkọ̀ mìíràn fà ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n kọ "tirélà". Ẹ dákun, ẹ pa á rẹ́. Tirélà lójú ẹni tó ń gba Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ni agbégilódò àti alápòó sìmẹ́ǹtì. Ẹni tí wọ́n bá ní kó lọ sùn sínú tirélà yóò bi yín pé kí ló ṣe yín. Ilé àsomọ́dìí ni mo ń pe tiwa. Irú kẹta wà, èyí tí wọ́n gbé lé ẹ̀yìn ọkọ̀ píkọ̀ọ̀pù bí ọmọ tí ìyá pọ̀n. Ilé àpọ̀n ni ì bá jẹ́, ká ní gbogbo wa ló ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀. Bí àmì bá ti bọ́, ó di ilé àpọ́n, ibi tí ọkùnrin tí kò láya ń gbé.

Ohun kékeré kan tún wà níbẹ̀ tí ẹ kò tíì kíyè sí. Àwọn aláwọ̀ funfun pín RV sí Class A, B àti C. A ni èyí tó tóbi bíi bọ́ọ̀sì gbọọrọ, B ni ó kéré jù, C sì wà láàárín, pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì lórí ibi tí awakọ̀ jókòó. Ẹ̀gbọ́n tò ó ní A, B, D, torí C kò sí nínú lẹ́tà 25 tiwa. Ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń háyà ọkọ̀ tó ní D lòun ń fẹ́, wọn yóò kàn máa wò ó ni. Ẹ fi C sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ó ku páàkì. Gbogbo wa la mọ ohun tó ń jẹ́ páàkì nílé: agbèrò, "ẹnìkan péré ló kù", alágbo, oníwàásù. Ẹ̀gbọ́n kọ ọ́ pé ọ̀nì wà ní páàkì Brazos Bend ní Texas. Òótọ́ ni, ọ̀nì wà níbẹ̀ dáadáa. Àmọ́ ẹni tó bá ka èyí ní Ìwó Road yóò ní irú ẹgbẹ́ onímọ́tò wo rèé. Ọgbà ìgbafẹ́ ti wà nílẹ̀, bí a ṣe ń pe ti Agodi n'Ìbàdàn. Ọgbà ìgbafẹ́ ìpínlẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó fẹ́ "igbó ìjọba", ibi tí wọ́n ti ń lé àgbẹ̀ ni ìyẹn nílé, ibí yìí sì rèé, àlejò ni wọ́n ń pè síbẹ̀. Kí bàbá ẹni ọdún àádọ́rin sì tún máa sọ pé òun ń lọ gbádùn igbó? Ẹ má sì yọ "ìpínlẹ̀" kúrò, torí ẹni tó ni ilẹ̀ lè yàtọ̀. Ní 1864 Ààrẹ Lincoln fọwọ́ sí i pé kí Àfonífojì Yosemite wà ní ìkáwọ́ Kalifọ́níà; ní 1906 ó padà sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Àfonífojì kan náà, olówó orí méjì.

Káǹpù ló le jù. Bí mo bá pe màmá mi ní Ṣàgámù pé mò ń lọ sí káǹpù, "rántí mi nínú àdúrà" ni wọn yóò sọ. Fún àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì, káǹpù agùnbánirọ̀ ni. "Pàgọ́" dára, ó sì ti pẹ́, ṣùgbọ́n àgọ́ wà nínú rẹ̀, ẹni tó wọ arulé kò sì pa àgọ́ kankan. Ọ̀rọ̀ tó yẹ ni "dó". Ẹ ṣí Númérì orí 33 nínú Bíbélì Yorùbá: wọ́n ṣí kúrò níbì kan, wọ́n dó síbòmíràn, wọ́n tún ṣí, wọ́n tún dó, títí orí yẹn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ìrìn àjò arulé gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ìbàdàn náà, ibùdó ogun ni ní nǹkan bí 1829 kó tó di ìlú.

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ inú wa ti ń rẹ́rìn-ín. "Dó" ní ìkejì tí a kì í pè níwájú àgbà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó má dá dúró: dó síbì kan, ibùdó, ibùdó arulé. Ẹ ṣọ́ra fún "dótì", ogun ló ń tọ̀nà yẹn. "Tẹ̀dó" náà kò bá a mu; ẹni tó tẹ̀dó ti ń wo ibi tí yóò sin baba rẹ̀ sí, ọ̀pọ̀ ọgbà wọ̀nyí kò sì gbà kí èèyàn sùn ju òru 14 lọ lẹ́ẹ̀kan.

Àwọn yòókù kò le. Aṣọ tí wọ́n ń fà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kó lè ṣíji bo èèyàn, àtíbàbà ni. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ kí n tó ronú kàn án. Ibi ìdáná tí wọ́n fi irin yí ká, ààrò. Àmọ́ "omi dúdú" àti "omi eléérú" tí ẹ̀gbọ́n kọ fún omi ẹlẹ́gbin inú ọkọ̀, ẹ yí i padà. Àgbo ni omi dúdú lójú tiwa. Omi ìgbẹ́ àti omi ìwẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́, kedere, torí ẹni tó bá ṣi èyí túmọ̀ yóò kó bá aláṣọ funfun. Omi ìgbẹ́ ni ká kọ́kọ́ dà, ká tó da omi ìwẹ̀ kó lè ṣan rọ́bà tí wọ́n gbà jáde mọ́. Ibi tí wọ́n ń dà wọ́n sí, ibi ìdàgbẹ́ ni mo pè é. Ọkọ mi dúró tì mí, ó di imú, ó ní òun kò mọ̀ pé agbépóò lòun fẹ́.

Mo dán "ọkọ̀ arulé" wò lórí fóònù fún màmá mi lálẹ́ àná, láìsọ ìtumọ̀ rẹ̀. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ó yé mi. Bó bá wá bàjẹ́ lọ́nà, mẹkáníìkì lẹ ó pè ni, àbí bíríkìlà?"