Ẹmọ́ òyìnbó lórí koríko lásìkò òjò: omi ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́

Ẹmọ́ òyìnbó, ẹranko kékeré tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní guinea pig, kì í ṣe ẹran òjò. Síbẹ̀, bí ojú ọ̀run bá ṣú fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, èèyàn kò lè tì í mọ́ àpótí títí yóò fi là. Ó fẹ́ ibi tí yóò ti sáré, ó sì fẹ́ koríko tútù yọ̀yọ̀. Báwo la ṣe máa gbé e jáde kó má gba òtútù àyà wálé?

Omi tó ń bọ̀ látòkè ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣọ́. Wọ́n á ta tàpólì, wọ́n á ní ó parí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, omi ìsàlẹ̀ ló ń ṣe wọ́n ní jàǹbá jù. Ẹ wo bí ara rẹ̀ ṣe rí: ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú débi pé koríko tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 5 ti ń nu ikùn rẹ̀. Irun ẹ̀yìn rẹ̀ ki, òjò wẹliwẹli lè bà lé e kó má tètè dé awọ. Irun ikùn fẹ́lẹ́ ní tiẹ̀. Kó rìn síwá sẹ́yìn díẹ̀ lórí koríko tó rin, omi ti dé awọ, afẹ́fẹ́ á sì wá máa fẹ́ sí i lábẹ́.

Ọ̀nà tó rọrùn láti mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti tó gbé wọn sí: ẹ mú tíṣù kan, ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì, ẹ tẹ́ ẹ sórí koríko, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ ka ení dé ẹẹ́wàá. Bí omi bá kàn tò sí i lára níbi mélòó kan, kò burú. Bó bá rin gbingbin tó lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ yáa padà sílé. Ibi mẹ́ta ni kí ẹ ti ṣe é: àárín, ibi tó rẹlẹ̀ jù, àti abẹ́ ògiri. Abẹ́ ògiri yẹn ló máa ń tan èèyàn jẹ, torí oòrùn á ti gbẹ àárín tán nígbà tí ìrì àárọ̀ ṣì wà níbẹ̀ digbí, ibẹ̀ gan-an sì ni wọ́n máa ń sá sí, nítorí pé ẹran tí ń bẹ̀rù gbangba ni wọ́n.

Ìwọ̀n ooru 18 sí 24 Celsius ló bá wọn lára mu jù. Bó bá ti wá sísàlẹ̀ 15, tí ilẹ̀ tún tutù, ẹ fi wọ́n sílé.

* * *

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ omi ìsàlẹ̀ yẹn. Ọgbà tí wọ́n ń gbé lé koríko ló kù ká tú palẹ̀.

Fún ẹmọ́ méjì, mítà 1.2 ní ìbú àti 1.8 ní gígùn tó, kó ga ní sẹ̀ǹtímítà 40. Kí ihò àwọ̀n wáyà rẹ̀ má ju sẹ̀ǹtímítà 1.3 lọ. Wáyà tí wọ́n fi ń ká adìyẹ mọ́ kò wúlò níbí: eku á gba inú rẹ̀ kọjá, ajá sì lè fi eyín fà á ya. Orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àwọ̀n pẹ̀lú, nítorí àwòdì àti ológbò.

Ibi tó ga díẹ̀ ni kí ẹ gbé e sí, kì í ṣe kòtò. Níhà òkè, níbi tí àgbàrá ti máa ń wá, ẹ gbẹ́ ojú ọ̀nà omi tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 10 tó sì fẹ̀ ní 15, kó yí ọgbà ká lọ sísàlẹ̀. Láìsí èyí, ẹ lè bo orí ọgbà dáadáa kí àgbàrá tún gba abẹ́ wọlé bá wọn.

Nípa tàpólì: ẹ má tẹ́ ẹ lé àwọ̀n lórí. Ibi tó bá ti kan wáyà ni omi á máa gbà kán sínú, tó, tó, tó, láìdáwọ́ dúró. Ẹ gbé e ró lórí òpó, kí apá kan ga ní sẹ̀ǹtímítà 80, kí ìkejì ga ní 50, kí apá tó rẹlẹ̀ kọjú sí ibi tí atẹ́gùn òjò ti ń fẹ́ wá. Kó yọ kọjá ọgbà ní sẹ̀ǹtímítà 30 yíká, torí òjò kì í sọ̀ kalẹ̀ lóòró nígbà gbogbo. Ẹ má fi ọ̀rá tó mọ́ gaara ṣe é o. Bí òjò bá dá tí oòrùn yọ lójijì, abẹ́ ọ̀rá yẹn á gbóná bí ìkòkò tí wọ́n dé ọmọrí lé. Ẹmọ́ kì í làágùn. Bí ooru bá ti kọjá 27, ewu ti dé.

Nínú ọgbà, ẹ fi pákó 60 sí 60 sẹ̀ǹtímítà sórí bíríkì kó gbé sókè díẹ̀ lórí ilẹ̀, ẹ da koríko gbígbẹ sí i lórí. Ẹ fi pákó mìíràn ṣe àtẹ̀gùn tó dagun pẹ̀lẹ́, wọn kì í fò bí ehoro. Ilẹ̀ wáyà ń dá egbò sí wọn lẹ́sẹ̀. Ilé páálí ń wó lé wọn lórí tó bá ti mu omi.

Ilé ìsápamọ́ wọn gbọ́dọ̀ ní ẹnu ọ̀nà méjì. Bó bá jẹ́ ọ̀kan, ọ̀gá inú wọn á jókòó sẹ́nu ọ̀nà náà kalẹ̀, á kọ ìdí sí èkejì, tọ̀hún á sì wà níta tí òjò ń pa.

* * *

Ẹ jẹ́ ká tún ohun kan ṣe, torí gbogbo ìgbà ni wọ́n ń sọ ọ́: pé koríko tó ní omi lára ló ń mú inú wọn wú. Omi kọ́. Àìmọ́ra ni. Ikùn ẹmọ́ kún fún àwọn kòkòrò bakitéríà rere tí ń bá a lọ oúnjẹ rẹ̀, koríko gbígbẹ ló sì mọ́ wọn lára. Bí koríko òjò bá dé lójijì, tó rọ̀, tó kún fún omi àti ṣúgà, tí fáíbà (okun inú ewéko) inú rẹ̀ kò pọ̀, gáàsì á kóra jọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú 10 sí 15 lójúmọ́, kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kí wọ́n sì ti jẹ koríko gbígbẹ yó kí ẹ tó gbé wọn jáde, kí wọ́n má baà fi ebi kó o.

Èyí tí ẹ̀rọ gé tó sì wà ní òkìtì ni kí ẹ sá fún. Ẹ ki ọwọ́ bọ inú òkìtì náà lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, á gbóná lọ́wọ́ yín. Ó ti ń kan nìyẹn.

Lẹ́yìn òjò, ẹ fi ojú wá ilẹ̀ kí ẹ tó gbé wọn lé e. Olú máa ń hù ní òru kan. Ìgbín tí kò ní ìkaraun máa ń jáde, àwọn èèyàn á sì da oògùn rẹ̀ sílẹ̀, oògùn tí ń pa ẹmọ́ náà. Àgbàrá lè gbé ajílẹ̀ tàbí oògùn kòkòrò wá láti inú oko ẹlòmíì. Omi tó dúró sójú kan lè ní ìtọ̀ eku nínú, àrùn leptospirosis sì ń gba ibẹ̀ wá, ẹ̀yin pàápàá lè kó o. Ẹ máa ṣí ọgbà nípò lójoojúmọ́, torí kòkòrò inú ìgbẹ́ wọn ń pẹ́ láyé nínú ilẹ̀ tó tutù.

* * *

Àwọn tí kò yẹ kó jáde rárá lásìkò yìí: aboyún, ọmọ tuntun, arúgbó, èyí tó ń lo oògùn, àti irú tí kò ní irun lára. Àwọn onírun gígùn lè jáde bí ẹ bá ti gé irun ìdí àti ti ikùn wọn títí tí kò fi kan ilẹ̀ mọ́.

* * *

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Bí òjò bá bá wọn níta ńkọ́? Ṣé èèyàn lè lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun?

* * *

Ẹ lè lò ó, àmọ́ táwẹ́ẹ̀lì ni kó ṣáájú. Ẹ tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì gbígbẹ sórí itan, ẹ gbé ẹmọ́ lé e, kí ọwọ́ kan wà ní àyà rẹ̀, kí èkejì gbé ìdí ró. Ẹ má dojú rẹ̀ sókè. Ẹ tẹ táwẹ́ẹ̀lì mọ́ ikùn rẹ̀ kó fa omi, ẹ má gbo ó, gbígbo ló ń wé irun pọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka la irun ikùn sí méjì. Bí irun bá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí awọ kò dán, ó ti gbẹ. Bí irun bá para pọ̀ ṣóńṣó ṣóńṣó bí ẹnu búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rì bọ ọ̀dà, ó kù. Ẹ má gbàgbé àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀: mẹ́rin ló wà níwájú, mẹ́ta lẹ́yìn, ẹrẹ̀ sì máa ń há síbẹ̀.

Ẹ̀rọ ìgbẹrun wá kàn. Ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ jù lórí rẹ̀ ni kí ẹ fi sí, kó jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 30, kí ọwọ́ yín wà láàárín ẹ̀rọ àti ẹran. Bó bá gbóná mọ́ yín, ó ti jó o. Bí ariwo rẹ̀ bá ń dẹ́rù bà á, ẹ pa á. Ìgò oníke tí omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wà nínú rẹ̀, tí ẹ fi aṣọ wé, tẹ́ ẹ gbé sí ẹ̀gbẹ́ kan àpótí, ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ̀gbẹ́ kan ni o, kó lè sún kúrò bó bá fẹ́.

Ẹ má dá ẹran tó tutù padà sórí ìtẹ́ rẹ̀. Á sọ ìtẹ́ di tútù, ìtọ̀ á dàpọ̀ mọ́ ọn, òórùn amóníà tó ń ta sí imú á dìde. Òórùn yẹn ń ba ihò imú wọn jẹ́, ó ń ṣílẹ̀kùn fún bakitéríà òtútù àyà. Òjò fúnra rẹ̀ kì í gbin àrùn. Ara tó ti rẹ̀ nítorí òtútù ni kò lè bá àrùn jà mọ́. Ìtẹ́ tútù yìí náà ló ń mú àtẹ́lẹsẹ̀ wọn wú kó sì dá egbò.

Ìdí tó tutù tí ìgbẹ́ lẹ̀ mọ́, ẹ máa wò ó láàárọ̀ àti lálẹ́. Eṣinṣin á yé ẹyin síbẹ̀, ìdin á sì jáde láàárín ọjọ́ kan.

* * *

Àfikún sí ti òkè yìí. Fítámì C: ara wọn kò lè ṣe é, bíi ti èèyàn. Mílígíráàmù 10 sí 30 fún kílò kan ara lójúmọ́ ni wọ́n nílò. Ẹ máa gbé wọn lé sìkéèlì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, àgbà wọn máa ń wọn nǹkan bíi gíráàmù 700 sí 1,200. Bí gíráàmù 50 bá lọ lọ́sẹ̀ kan, ẹ fojú sí i. Bí ìdá 1 nínú 10 bá lọ, dókítà ẹranko ni.

Ojú tó ń sun ìpín, ikun imú, àyà tó ń dún kẹ̀kẹ̀ bó bá ń mí, irun tó fẹ̀ gẹ̀rẹ̀ tí ẹran sì ká jọ sí igun: ẹ má dúró dọ̀la. Èyí tí kò bá jẹun fún wákàtí 12 ti wà nínú ewu. Ẹ má sì fún un ní amoxicillin, oògùn tí ń pa bakitéríà, tó kù nílé. Bó bá gba ẹnu wọlé, ó ń pa bakitéríà rere inú rẹ̀, ẹran náà sì lè kú.

Bí àrá bá kọ́kọ́ sán, ẹ kó wọn wọlé, kódà bí òjò kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù nìkan tó láti jẹ́ kí wọ́n fi orí sọ wáyà. Lọ́jọ́ tí òjò bá kọ̀ tí kò dá, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé koríko láti ibi tó mọ́, ẹ gbọn omi rẹ̀ dànù, ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí aṣọ gbígbẹ fún wákàtí kan láìkó o jọ, kí ẹ fún ẹmọ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀kúnwọ́ kan nínú ilé. Èyí tí wọn kò bá jẹ tán títí di alẹ́, ẹ kó o kúrò, kó má baà bu.