Fọ́tò Ilé Kòkó: báwo ló ṣe máa dúró ṣánṣán?

AyaFọ́tò: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, tí mo bá dúró nídìí Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀ tí mo gbé fóònù sókè, ńṣe lorí ilé yẹn máa ń tín-ín-rín, á wá dà bíi pé ó fẹ́ ṣubú sẹ́yìn. Kí ni mo lè ṣe sí i?

ỌmọDùgbẹ̀: Fóònù tẹ́ ẹ dà sẹ́yìn yẹn gan-an ló fà á. Ilé alájà 26, nǹkan bíi mítà 105, ẹ ò lè wà lẹ́bàá ẹ̀ kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ kó gbogbo ẹ̀. Ẹ rìn sẹ́yìn dáadáa, ẹ mú fóònù dúró gbọnrangandan, kí títì àtàwọn Micra tó ń kọjá wọ ìsàlẹ̀ fọ́tò, ẹ lè gé e tó bá yá. Èmi ò tiẹ̀ ní gé e tán o, àwọn ọkọ̀ yẹn ló ń jẹ́ ká mọ bílé náà ṣe ga tó!

Àdùkẹ́_Ìbàdàn: Tàbí kẹ́ ẹ tọrọ àyè, kẹ́ ẹ gun òkè ilé míì lódìkejì.

BàbáLẹ́ńsì: Snapseed, áàpù tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe lórí fóònù, náà lè tún un ṣe, Perspective lẹ máa tẹ̀ níbẹ̀. Ó máa ń jẹ ẹ̀gbẹ́ fọ́tò ṣá, torí náà ẹ fàyè sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì látìgbà tẹ́ ẹ bá ti ń yà á. Ẹ má fà á jù, tẹ́ ẹ bá fà á jù orí ilé á fẹ̀ ju ìdí ẹ̀ lọ.