Ìgbì ọkọ̀ fíbà ń jẹ bèbè odò: eré wo ló yẹ ká kọ sára pátákó?

Ọmọ Etídò:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa omi. Odò kan tó ń ṣàn wọ ọ̀sà Èkó lápá Ìkòròdú ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ó fẹ̀ tó 40 mítà, ó jìn tó mítà 2 lẹ́ẹ̀rùn. Fíbà elérò, tí ẹ́ńjìnnì wọn ní agbára ẹṣin 40 sí 75, ń kọjá níbẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bèbè ń ya, gbòǹgbò igi ti yọ síta. Àwọn àgbà ìlú fẹ́ gbé pátákó "Ẹ rọra sáré" síbẹ̀. Ṣé ìyẹn tó?

Atukọ̀ Ọ̀sà:
Ẹ má kọ "Ẹ rọra sáré" o. Ó lè mú kí ìgbì ga sí i.

Fíbà tó ń rìn jẹ́jẹ́ máa ń jókòó sínú omi, ìgbì rẹ̀ kò ga. Èyí tó ń sáré gan-an ti gun orí omi, ìgbì tirẹ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ ga. Àárín méjèèjì ló burú: imú ọkọ̀ á nà sókè, ìdí rẹ̀ á rì, á máa ti omi sọ́tùn-ún sósì. Awakọ̀ tó bá rí "rọra" á kàn dẹ eré díẹ̀, á sì bọ́ sí àárín yẹn gẹ́lẹ́.

Jíjìn omi tún ń dá sí i. Nínú omi mítà 2, nǹkan bíi kìlómítà 16 ní wákàtí kan ni eré tí ìgbì ti máa ń ga jù. Nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ kọ: kìlómítà 8 ní wákàtí kan. Fóònù tó ní GPS á wọ̀n ọ́n. Ẹni tí kò ní fóònù, kó wẹ̀yìn: bí ìgbì bá ń hó funfun, eré ti pọ̀ jù.

Ojú ọ̀sà ni kí pátákó wà, ó kéré tán 150 mítà sí ẹnu odò. Ọkọ̀ tó ń dẹ eré gbọ́dọ̀ gba eré àárín burúkú yẹn kọjá kó tó balẹ̀, ibi tí omi ti fẹ̀ ni kó ti ṣe é. Kí wọ́n má sì kó èrò jọ sẹ́yìn ọkọ̀. Ìyẹn nìkan á jẹ́ kí imú rẹ̀ nà sókè.

Ọmọ Etídò:
Àwọn awakọ̀ ní àárín odò làwọn á máa gbà.

Atukọ̀ Ọ̀sà:
Kò tó. Bí ọkọ̀ bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí bèbè, bí ìdá kan nínú márùn-ún péré ni gíga ìgbì fi ń dín kù. Eré ló ṣe kókó, torí agbára ìgbì tó ga 40 sẹ̀ǹtímítà jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti èyí tó ga 20.

Amọ̀ àti Yanrìn:
Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ ilẹ̀ náà. Omi tó ń ṣàn, ìta kọ́nà ló máa ń jẹ jù. Ìgbì ọkọ̀ ń jẹ bèbè méjèèjì, kódà níbi tí odò ti tọ́: á gbẹ́ ihò sábẹ́ bèbè níbi tójú omi dé, òkè á wá ya lulẹ̀. Àmọ́ bí ilẹ̀ bá ń sán lókè, tó sì ń yọ̀ lọ ní pẹlẹbẹ ńlá, ẹ wo àwọn tó ń wa yanrìn nítòsí. Pátákó kò ran ìyẹn.

Ẹ ra ọ̀pá irin 12 mìlímítà, kẹ́ ẹ gé e ní 60 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ gbá a wọ bèbè ní ìdùbúlẹ̀, kó ku sẹ̀ǹtímítà 5 síta, kí ọ̀kan jìnnà sí èkejì ní mítà kan. Ẹ gbá mìíràn sí ẹ̀ka odò tí fíbà kì í gbà. Ẹ máa wọ̀n bí èyí tó yọ síta ṣe gùn tó lóṣooṣù. Ìyàtọ̀ àárín ibi méjèèjì ni ẹ̀rí yín.

Ẹ má mọ ògiri àpò yanrìn tó dúró ṣánṣán. Ìgbì á kọlù ú, á padà, á sì gbẹ́ ìdí rẹ̀. Igi ẹ̀gbà tó ń ta gbòǹgbò sómi ló dáa níbi tí omi iyọ̀ ń dé. Ẹ fi oparun ṣọgbà síwájú rẹ̀ títí yóò fi múlẹ̀.

Ìyá Jẹ́tì:
NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó omi abẹ́lé, ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí, torí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti sọ lóṣù kìíní ọdún 2024 pé àwọn ló láṣẹ lórí omi abẹ́lé. Ẹ fún LASWA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń bójú tó ọ̀nà omi, ní ẹ̀dà. Ẹ sì pe ẹgbẹ́ awakọ̀ jẹ́tì jókòó kí pátákó tó dúró, torí àwọn ló lè bá ọmọ ẹgbẹ́ wọn wí lójoojúmọ́.

Ọmọ Etídò:
Ẹ ṣé gan-an. Ọkọ̀ tó gbé aláìsàn ńkọ́?

Atukọ̀ Ọ̀sà:
Kó fọn fèrè, kó gba àárín odò, kó sáré dé ibi tó ti gun orí omi. Kó má ṣáà ṣe ààbọ̀ eré.