Kí ló dé táwọn kan á rílé gbé tán, tí wọ́n á tún padà sábẹ́ bíríjì?

Àdùkẹ́ Ìlúpéjú:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Alábàárù kan wà l'Óṣòdì níbi tí mo ti ń wọkọ̀. Lọ́dún tó kọjá àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kan dáwó jọ, wọ́n gba yàrá fún un ní Mùṣín, inú gbogbo wa dùn. Àfi bí mo ṣe tún rí i lábẹ́ bíríjì, òun àti páálí ẹ̀. Àwọn kan ní ìgboro ti mọ́ ọn lára ni, mi ò gbà, torí bọ̀dá yìí ò mutí, ó ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Kí ló ń dá irú wọn padà gan-an?

Bàbá Ìbejì:
Owó ilé ọdún kejì ni jàre. Ṣọ́ọ̀ṣì san ti ọdún kan, wọ́n san ti àjẹ́ńtì, àgírímẹ́ǹtì, kọ́ṣọ̀n, ó tán síbẹ̀. Owó òòjọ́ lalábàárù ń rí, kó tó dalẹ́ ó ti fi jẹun, lánlọ́ọ̀dù dẹ̀ fẹ́ gba ti odindi ọdún lẹ́ẹ̀kan náà. Òfin ilé gbígbé tí ìjọba Èkó ṣe lọ́dún 2011 ní lánlọ́ọ̀dù ò gbọ́dọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, síbẹ̀ àwọn tó ń gba ọdún méjì pọ̀ bíi rẹ́rẹ, ta lèèyàn fẹ́ lọ fẹjọ́ sùn nígbà tí ẹlòmíì ti gbówó dání tó ń dúró de yàrá náà?

Tọ́pẹ́ Yábàá:
Ẹ má rò pé ọ̀fẹ́ labẹ́ bíríjì o. Lọ́dún 2024 tí ìjọba Èkó lọ lé àwọn tó ń gbé abẹ́ bíríjì Dolphin n'Íkòyí, yàrá 86 ni wọ́n bá ńbẹ̀, ìjọba fúnra ẹ̀ ló sọ pé owó ilé wọn tó ₦250,000 lọ́dún. Ẹni tó ń san irú owó yẹn kì í ṣọ̀lẹ! Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dẹ̀ lé èèyàn, ẹní, ìkòkò, sítóòfù, owó tó fi pamọ́, gbogbo ẹ̀ á bá a lọ, á tún ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá owó ìkòkò kó tó rántí owó ilé.

Ṣèyí Àpápá:
Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wo Badia, àdúgbò kan l'Èkó níbí. Lọ́dún 1973 ìjọba àpapọ̀ kó àwọn ará abúlé Olúwọlé kúrò torí ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́ National Theatre sí, Badia ni wọ́n ní kí wọ́n lọ máa gbé. Nígbà tó di 2003 ìjọba Èkó wó ilé ńbẹ̀, ní 2013 wọ́n tún wó Badia East, Amnesty International, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ní ó kéré tán èèyàn 9,000 lọ̀rọ̀ náà kàn, àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi pákó gbé tiwọn dìde padà ni katapílà tún dé ní 2015. Inú ń bí mi tí wọ́n bá ní irú àwọn èèyàn yìí ò lè fìdí kalẹ̀ síbì kan. Ta ló jẹ́ kí wọ́n jókòó?

Àdùkẹ́ Ìlúpéjú:
Ẹ ṣé gan-an ni. Màá lọ bá àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, ká jọ wá alájọ tí bọ̀dá á máa dá owó ilé sí lọ́wọ́ lójoojúmọ́. Ẹni tó bá mọ lánlọ́ọ̀dù tó ń gbowó lóṣooṣù ní Mùṣín tàbí Ìdí-Òrò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún mi níbí.