Jáwọ́ ni, kì í ṣe ká: ọ̀rọ̀ póòkà fún òpè

Láti Tánkẹ̀, Ìlọrin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. A fẹ́ kọ ìlànà póòkà, eré káàdì kan, sí ojú ewé méjì fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, Yorùbá la sì fẹ́ fi kọ ọ́. Ohun tí mo tò jọ rèé: fold, ká; call, pè; check, ṣẹ́ẹ̀kì; pot, ìkòkò; blind, afọ́jú; full house, ilé kíkún; kicker, agbáni-nípàá; bluff, irọ́; button, bọ́tìnnì. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.

Láti Òmù-Àrán

Àbúrò, o ṣeun, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì lo wọ agbádá fún. Ọ̀rọ̀ tí a bá fi lé òpè lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ sọ ohun tí yóò ṣe fún un. Kí ni yóò ká? Ṣé ìró ni káàdì ni? Ẹni tó bá fold, tó dá káàdì rẹ̀ padà, ń jáwọ́ ni. Ó ti wà lẹ́nu wa tẹ́lẹ̀: àpọ̀n tí kò bá yọ̀, ká jáwọ́ nínú ẹ̀, ká lọ dáná ilá. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ohun tí mo ṣe ń tẹnu mọ́ ọn ni pé àìmọ ìgbà tó yẹ kéèyàn jáwọ́ ló ń pa òpè jù. Káàdì méjì tí wọ́n kọ́kọ́ ń fúnni lè gba ọ̀nà 1,326 wá, ìbejì, ìyẹn káàdì méjì irú kan náà, kì í sì í wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú ìgbà 17 ní ìṣirò. Níbi tí ẹni mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án bá jókòó sí, kí òpè máa jáwọ́ nínú bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tí wọ́n bá fún un. Ó máa sú u, àmọ́ kò ní tètè gbẹ.

Ṣẹ́ẹ̀kì ló léwu jù. Gbogbo ẹni tó ta Whot rí ló mọ̀ pé ẹni tó bá kígbe "check up", káàdì ti tán lọ́wọ́ ẹ̀, ó ti jẹ. Ní póòkà, kò tíì jẹ nǹkan kan. Ó kàn ní òun ò fi nǹkan sílẹ̀ báyìí, kí ọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kàn. "Ó kọjá" ti tó. Bí ẹnìkan bá ti fi ẹyọ 10 sílẹ̀, ìyẹn ti bọ́. Mẹ́ta ló kù: kí o jáwọ́, kí o san án dọ́gba (call), tàbí kí o lé e, bí wọ́n ṣe ń fowó lé ọjà gbàǹjo. Lílé lórí 10 kò gbọdọ̀ dín ní 10 mìíràn, ìyẹn ni pé 20 ló máa di, ó kéré tán. Fi ẹnu sọ iye rẹ̀ kí ọwọ́ tó kan ohunkóhun. Ẹni tó ti 10 síwájú, tó tún padà wá mú 10 sí i, wọ́n á ní ó ti san án dọ́gba, wọn ò ní gba èyí tó mú wá lẹ́yìn.

Ìkòkò la fi ń se nǹkan. Igbá la ń da ohun tí gbogbo èèyàn bá fi sílẹ̀ jọ sí. Afọ́jú (blind), àfisílẹ̀ ni: èyí tí ẹni méjì ń fi sílẹ̀ kí wọ́n tó rí káàdì, ti ẹnì kejì a sì máa jẹ́ ìlọ́po méjì ti ẹni àkọ́kọ́.

Agbáni-nípàá (kicker), jọ̀wọ́, jù ú nù. Nínú méjì ọwọ́ àti márùn-ún orí tábìlì, káàdì márùn-ún tó dára jù la ń kà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí méjì nínú wọn bá jẹ́ ìbejì, mẹ́ta ló kù, Yorùbá sì ti sọ wọ́n lórúkọ tipẹ́: Ìdòwú, Àlàbá, Ìdògbé. Bí ìbejì tèmi àti tìrẹ bá dọ́gba, Ìdòwú wa, èyí tó ga jù nínú mẹ́ta yẹn, là ń wò. Bí ìyẹn náà bá dọ́gba, ó kan Àlàbá, lẹ́yìn náà Ìdògbé. Ká ní éèsì (A), jáàkì (J), 9, 7 àti 2 ló wà lórí tábìlì, àmì ara wọn ò sì bára mu. Ìwọ mú éèsì àti 4, èmi mú éèsì àti olorì (Q). Ìbejì éèsì ni àwa méjèèjì bí. Olorì ni Ìdòwú tèmi, jáàkì ni tìrẹ, olorì sì ju jáàkì lọ: mo jẹ. 4 ọwọ́ rẹ ò tilẹ̀ ráyè wọlé. Ibẹ̀ ni òpè ti ń kó gbogbo ohun tó ní dànù: ó rí éèsì, inú ẹ̀ dùn, kò wo ẹni tó tẹ̀ lé e wá sáyé. Ṣùgbọ́n bí éèsì, ọba, olorì, jáàkì àti 6 bá wà lórí tábìlì, ẹni tó mú éèsì àti 4 pẹ̀lú ẹni tó mú éèsì àti 3 á pín igbá, torí àbúrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà nílẹ̀ fún gbogbo ayé.

Láti ibẹ̀, ó rọrùn, láti èyí tó kéré sí èyí tó ga: ìbejì, ìbejì méjì, ìbẹta, atẹ̀léra (márùn-ún tó tẹ̀ léra wọn), ọmọ-ilé-kan (márùn-ún alámì kan náà), ìbẹta-òun-ìbejì (full house), ìbẹrin. Òpè máa ń bá ni jà pé kí ló dé tí ọmọ-ilé-kan fi ju atẹ̀léra lọ. Nínú ọ̀nà 2,598,960 tí káàdì márùn-ún lè gbà jáde, atẹ̀léra ní 10,200, ọmọ-ilé-kan ní 5,108. Èyí tó ṣọ̀wọ́n ló ga.

Láti Ọ̀fà

Ẹ̀gbọ́n, ti Ìdòwú yẹn wọ̀ mí lára. Àmọ́ bó bá jẹ́ ìbẹta ló wá ńkọ́? Méjì péré ló kù, ta ni Ìdògbé? Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ síbẹ̀ pé Ìdòwú àti Àlàbá nìkan ni, kí ọmọ má lọ máa wá ẹnì kẹta.

Ẹ ò fọwọ́ kan irọ́ (bluff). Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ẹ̀tàn ẹsẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ dá lábàá, ṣùgbọ́n mo ti gbà pé ìhalẹ̀ ló tọ́. Ẹni tó purọ́ ń fẹ́ ká gbà á gbọ́ ni. Ẹni tó halẹ̀ ń fẹ́ ká sá. Sísá yẹn sì ní iye. Bí igbá bá jẹ́ 100, tí o fi 50 halẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́ta ni wọ́n gbọ́dọ̀ sá kó o má bàa pàdánù. Bí o bá fi 100 halẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan nínú méjì. Ẹni tí kì í jáwọ́ rárá, kí lò ń halẹ̀ mọ́ ọn fún?

Bí wọ́n bá wá fi 50 yẹn kan ìwọ náà, bi ara rẹ pé èló nigbá. 100 ti di 150. Bí o bá san 50, ó di 200. 50 nínú 200 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin, ìyẹn 25 nínú 100. Ká ní nínú méjì ọwọ́ rẹ àti mẹ́ta orí tábìlì, o ti ní káàdì alámì ọkàn (hearts) mẹ́rin, o ń wá ìkarùn-ún. 9 ló kù nínú káàdì 47 tí o kò rí. Ìṣirò ọwọ́ ni pé kó o fi 2 sọ 9 di púpọ̀ fún káàdì tó kàn, 18 nínú 100. Fún méjèèjì tó kù, fi 4, ó di 36. Ìṣirò gidi ni 19 àti 35, kò jìnnà. Òpè á gbá 36 mú, á ní ó ju 25 lọ, á san. Ó gbàgbé pé lẹ́yìn káàdì ìkẹrin orí tábìlì wọ́n tún lè ní kó san. 36 yẹn jẹ́ ti ẹni tí ohun gbogbo tó ní ti wà nínú igbá.

Bọ́tìnnì (button, àmì ipò ẹni tó ń pín káàdì) náà ò dáa. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn láti ìgbà tí mẹ́ta àkọ́kọ́ bá ti bọ́ sí tábìlì; ó ti gbọ́ tẹnu gbogbo èèyàn. Àga àgbà ni.

Láti Òkè-Súnà, Ìlọrin

Mo gba gbogbo ẹ̀, àfi kẹ́ ẹ má kọ tẹ́tẹ́ sójú ìwé náà. Bí àlùfáà bá rí i ní ìlú yìí, máísírì (tẹ́tẹ́ lédè Lárúbáwá) ló máa pè é, ẹsẹ 90 nínú Súrátùl-Máídà ló sì máa kà sí yín létí. Ẹ má jẹ́ kí owó wọ̀ ọ́ rárá, ẹ lo ọmọ ayò. Ọpọ́n kan ní 48, kò tó ẹnì kan bí ẹyọ bá jẹ́ 1. Ẹ ka ọmọ ayò kan sí 10, hóró àgbàdo kan sí 1. Ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọmọ ayò 16 àti àgbàdo 40, ó di 200. Ọpọ́n méjì á tó ẹni mẹ́fà géérégé. Àfisílẹ̀ 1 àti 2.

Láti Tánkẹ̀

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ó ku river, káàdì tó ń kẹ́yìn bọ́ sórí tábìlì. Mo ti kọ odò sílẹ̀.

Láti Òmù-Àrán

Odò Asà? Ìkarùn-ún ni, jàre.