Owó ìpolówó ń lọ, àmọ́ GA4 ní òun ò rí àlejò

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi ìbínú pa ìpolówó tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ n'Ítòkú, l'Abẹ́òkúta, ni mo ń bá bójú tó sáìtì wọn. Wọ́n gbé owó kalẹ̀ fún ìpolówó lórí Google. Nínú Google Ads, àwọn èèyàn ń tẹ ìpolówó náà, owó sì ń lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ṣí GA4 (Google Analytics 4, irinṣẹ́ Google tó ń ka àwọn tó wọ sáìtì), òfìfo ló wà ní ìlà "google / cpc", ìyẹn ìlà àwọn tó gba orí ìpolówó Google wọlé. Màmá ní, "Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń jí owó mi báyìí?" Ẹni tó rí owó tó jáde, tí kò rí ẹni tó wọlé, kí ló tún fẹ́ rò?

Mo wo àwọn ohun tí gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ wò. Google Ads ti so mọ́ GA4. Auto-tagging, ètò tí Google Ads fi ń sàmì sí líǹkì fúnra rẹ̀, wà ní títàn. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ pé dátà ò tíì délẹ̀, torí GA4 lè gba wákàtí 24 sí 48 kó tó to nǹkan tán, tiwa sì ti ré kọjá ìyẹn.

Ìlà mìíràn ló là mí lójú. Láti ọjọ́ tí ìpolówó ti bẹ̀rẹ̀ ni "google / organic" (àwọn tó wá látinú Google láìjẹ́ pé a sanwó) ti ń ga sí i, ojú ìwé kan ṣoṣo sì ni gbogbo wọn ń gbà wọlé: èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ nítorí ìpolówó yẹn. Ta ló mọ̀ ọ́n débi tí á fi wá a lọ? Àwọn tí a sanwó fún ti wọlé o, orúkọ ẹlòmíì ni wọ́n ń jẹ́.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Bí èèyàn bá tẹ ìpolówó, auto-tagging á lẹ àmì kan tó ń jẹ́ gclid mọ́ ìdí líǹkì, òun ni GA4 fi ń mọ̀ pé ìpolówó ló gbé ẹni náà wá. Bí gclid bá já bọ́ lójú ọ̀nà, GA4 á kàn rí i pé ó ti ọ̀dọ̀ Google wá, á sì kà á mọ́ àwọn tí ẹnikẹ́ni ò sanwó fún.

Ẹ mú àdírẹ́sì tó wà nínú ìpolówó gan-an, ẹ fi ?gclid=idanwo sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ wá wo òkè nígbà tí ojú ìwé bá dúró. Tiwa ti pòórá. Àdírẹ́sì tí kò ní www ni ìpolówó ń lò, sáfà sì ń darí gbogbo èèyàn lọ sí èyí tó ní www. Nínú fáìlì ìṣètò Nginx, ìyẹn sọ́fíwíà tó ń gbé sáfà náà ṣiṣẹ́, ẹni tó ṣètò rẹ̀ kọ $uri síbi tó yẹ kó kọ $request_uri. Ohunkóhun tó bá wà lẹ́yìn àmì ìbéèrè, $uri kì í gbé e dání. A tún un kọ, a sì fi www sínú àdírẹ́sì ìpolówó kó má bàa gba redirect, ìyẹn ìdarí yẹn, rárá. Látìgbà náà ni cpc ti ń wọlé. Ti àtẹ̀yìnwá ò ṣeé gbà padà. Inú organic ló ṣì wà.

*

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Lórí Facebook ni tèmi ti ṣẹlẹ̀. Facebook ń lẹ fbclid, àmì tiẹ̀, mọ́ líǹkì lóòótọ́, àmọ́ ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ líǹkì tí èèyàn kàn pín lásán náà, nítorí náà GA4 ò lè fi mọ èyí tí a sanwó fún. Àfi kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín kọ UTM, àwọn àmì bíi utm_source àti utm_medium tí a ń fi sẹ́yìn líǹkì láti sọ ibi tí èèyàn ti wá. Níbi iṣẹ́ wa, nínú utm_medium, ẹnì kan ń kọ cpc, ẹlòmíì ń kọ CPC, GA4 sì sọ wọ́n di ìlà méjì. Ọ̀gá wa kan tó fẹ́ràn èdè wa wá kọ utm_medium=ipolowo. Ó dùn mọ́ mi nínú, ṣùgbọ́n GA4 ò gbọ́ Yorùbá! Ó rí facebook nínú utm_source, ó bá kó gbogbo wọn sínú Organic Social, ìyẹn àwọn tó wá látorí ìkànnì àjọlò láìjẹ́ pé a sanwó. A ti fẹnu kò sí paid_social báyìí, lẹ́tà kékeré nìkan.

*

Ẹ má retí pé iye tí Google Ads kà àti èyí tí GA4 kà á dọ́gba o. Gbàrà tí èèyàn bá ti tẹ ìpolówó ni Google Ads ti kà á. GA4 ní tiẹ̀, àfi bí ojú ìwé bá ṣí tí kóòdù rẹ̀ sì ṣiṣẹ́. Ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ń fà, tó sì padà sẹ́yìn, owó ìpolówó yín ti lọ nìyẹn. Ẹni tó ń lo bíráwúsà Brave, GA4 lè má rí i rárá. Látìgbà iOS 17 sì ni Safari ti ń gé gclid kúrò fún ẹni tó bá ṣí i ní Private Browsing. Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ẹni tó bá kọ̀ láti gba kúkì tún wà pẹ̀lú. Èmi kì í da ara mi láàmú lórí àlàfo kékeré tó dúró sójú kan. Èyí tó bá ṣàdédé fẹ̀ lọ́jọ́ kan ni mo máa ń tọ́ lẹ́yìn, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo sì máa ń bi oníbàárà ni pé ta ló fọwọ́ kan sáìtì yín lọ́sẹ̀ yẹn.